Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, síbẹ̀ kẹ́mísì ni wọ́n ń lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa ní Kubwa, níbí l'Abuja. Owó díẹ̀ wọlé fún ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, a sì ti ń jiyàn lórí ohun tí a máa fi ṣe. Alága fẹ́ kí a kun ilé, kí a ra àga tuntun. Nọ́ọ̀sì àgbà ní sólà ló kù. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní oògùn ni. A pín ìwé ìbéèrè fún àwọn aláìsàn ká lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa tẹ́ wọn lọ́rùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn gan-an. Síbẹ̀, ojú wa báyìí ni àwọn aládùúgbò ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ sí kẹ́mísì. Báwo la ṣe lè mọ ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì? Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé wọ̀n?

Ìdáhùn: Ó ṣeé wọ̀n, ẹ̀gbọ́n. Ìwé tí ẹ pín yẹn ni kò lè wọ̀n ọ́n. Inú mi dùn pé ẹ̀yin fúnra yín rí i pé ohun tí ìwé sọ àti ohun tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń sọ kò bára mu. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń fi lọ́kàn balẹ̀, wọ́n á wá kó owó lé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìwé yín fi sọ ohun tó sọ.

Ta lẹ fún níwèé? Ẹni tó ti wọlé, tó dúró, tó gba ìtọ́jú, tó ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ. Ẹni tó dé ẹnu géètì, tó rí èrò, tó yí padà, kò sí nínú wọn. Ẹni tó ti búra pé òun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́, kò sí nínú wọn. Ìyá tó bímọ sílé agbẹ̀bí, kò sí nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí gan-an lẹ sì ń wá. Ìwádìí ńlá ti ọdún 2018 lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bí, nǹkan bí 39 péré ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ìyá ọmọ 61 yòókù kò fi wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó wá kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ojú àti ìbẹ̀rù wà níbẹ̀. Ẹni tó máa padà wá lọ́la kò ní fẹ́ bá nọ́ọ̀sì jà lónìí. Mo wà níbi ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn kan níhà àríwá, níbi tí wọ́n ti ń bi àwọn ìyá léèrè nínú yàrá ìdúró. Nọ́ọ̀sì tó gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ jókòó sí tábìlì kejì, ó ń kọ̀wé. Ìyá kan pọn ọmọ, ó ká káàdì rẹ̀ mọ́ etí ìró. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń dá gbogbo ìbéèrè lóhùn ní Hausa: “Lafiya lau”, ìyẹn “dáadáa ni”. Nígbà tó jáde, ọmọbìnrin kan nínú àwa olùwádìí bá a níbi tó ti ń ra kúnú lábẹ́ igi, ó jókòó tì í, kò mú ìwé lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti kúrò nílé kí wọ́n tó kírun àárọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dun òun. Ohun tó dun òun ni pé wọ́n pariwo mọ́ òun lójú ìyá ọkọ òun pé ọmọ òun ń rùn. Ó ní tí ara ọmọ náà kò bá tún yá, òun á ní kí wọ́n ra oògùn wá sílé. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nínú yàrá yẹn, ìyá yìí wà lára àwọn tí iṣẹ́ tẹ́ lọ́rùn gan-an.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká ní a kàn bi í pé ṣé ìdúró pẹ́, á ní ó pẹ́. Ìgbìmọ̀ á wá máa sáré kiri lórí bí ìdúró ṣe máa dínkù, nígbà tó jẹ́ pé ìtìjú ló lé e lọ.

Ìdí kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìwé yín ń bèèrè nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ fẹ́ oògùn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ fẹ́ sólà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀dà tuntun? Kí ló burú nínú ọ̀dà? Nígbà tí kò bá ná èèyàn ní ohunkóhun, gbogbo nǹkan lèèyàn ń fẹ́. Ìyá tó mú ₦5,000 lọ sí ọjà Kubwa ni ẹ ó mọ ohun tó jẹ ẹ́ lógún: ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì wo ohun tó yẹ̀ wò tó fi sílẹ̀. Ohun tí èèyàn kà sí máa ń hàn nígbà tó bá di dandan kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó lè mú èkejì. Nítorí náà, ìwádìí tí kò bá mú èèyàn yàn kò tíì wọ̀n ohunkóhun. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1927, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Louis Thurstone, fi hàn pé tí a bá ń gbé nǹkan méjì-méjì síwájú èèyàn kó mú ọ̀kan, a lè ti inú ohun tó ń mú fa òṣùwọ̀n yọ. Ní 1966, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Kelvin Lancaster, sọ pé kì í ṣe ọjà fúnra rẹ̀ lèèyàn ń rà, àwọn ànímọ́ tó wà lára ọjà ni. Daniel McFadden ṣe ìṣirò tó jẹ́ ká lè mọ bí ànímọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú yíyàn èèyàn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2000. Jordan Louviere ló mú ọ̀nà tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí wá ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn onímọ̀ ìlera yá gbogbo rẹ̀ lò. Lónìí, FDA tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà pàápàá ní ìlànà, láti 2016, lórí bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìtọ́jú ṣe lè fi ẹ̀rí ohun tí àwọn aláìsàn fẹ́ síwájú wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Níhà àríwá níbí la ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wo ohun tí aráàlú kà sí pàtàkì. Ní 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan tó wà nítòsí rẹ̀ dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu. Ó di 2004 kí Kano tó gbà kó padà. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́: wọ́n ní ó máa sọ ọmọbìnrin di àgàn, wọn kò sì tíì gbàgbé oògùn Trovan tí Pfizer dán wò lára àwọn ọmọ ní Kano ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbẹ̀rù yẹn, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà wọn: ibà ló ń pa ọmọ wa, owó ara wa la sì fi ń ra oògùn ibà, kí ló dé tó jẹ́ pé èyí tí a kò bèèrè ni ìjọba ń gbé wá sílé wa lọ́fẹ̀ẹ́ léraléra?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Òbí tó bèèrè bẹ́ẹ̀ ti gbé àìsàn méjì sórí òṣùwọ̀n, ó sì ti sọ èyí tó wúwo lójú òun. Fún ìgbà pípẹ́, àìmọ̀kan ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n wá yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibùdó ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dúró lọ́jọ́ àjẹsára, oògùn ibà àti àwọn ìtọ́jú mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n ń pín ọṣẹ. Àwọn ọba àti ààfáà dá sí i, Sultan Sókótó wà níwájú. Wọ́n gba àwọn obìnrin àdúgbò gan-an láti máa wọ ilé lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló ṣe é, iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó ń tọpa àrùn náà ṣe, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó gbé wa dé ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti àbáláyé ti tán ní Áfíríkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Kubwa.

Etí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì mú ìwé dání. Ẹ lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn oníkẹ̀kẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀, àwọn Hausa, àwọn Igbo, àwa Yorùbá náà. Ẹ lọ bá oní-kẹ́mísì pẹ̀lú. Òun ló mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sá fún. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé “kí lẹ fẹ́?” Ohun tó rò pé ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ. Ẹ bi í pé: ìgbà tí ara ọmọ yín kò yá kẹ́yìn, ibo lẹ kọ́kọ́ lọ? Aago mélòó ni? Ta ló ní kí ẹ lọ síbẹ̀? Ta ló sanwó? Kí ló mú yín kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn? Ó ṣòro kí èèyàn fi ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i wá ojú rere ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá ti gbọ́ tó, àwọn ọ̀rọ̀ kan á máa padà wá. Kí ẹ má bàa gbàgbé nǹkan, ẹ fi wọ́n wé ohun méje tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tò sínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2000: iyì ẹni, ẹ̀tọ́ láti dá sí ìpinnu lórí ara ẹni, pípa àṣírí mọ́, kí wọ́n tètè dá èèyàn lóhùn, ibi tó bójú mu, kí ẹbí lè wà lọ́dọ̀ aláìsàn, àti ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó máa tọ́jú ẹni. NDHS náà máa ń bi àwọn obìnrin nípa ohun mẹ́rin tó ń dí wọn lọ́nà ilé ìwòsàn: gbígba àyè lọ́wọ́ ọkọ tàbí ẹbí, owó, jíjìnnà, àti àìfẹ́ dá nìkan lọ. Èyí tó bá bá Kubwa mu nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ wá ṣẹ́ ẹ kù sí méje. Ká ní ohun tí ẹ gbọ́ nìyí: ìkíní, oògùn wà nílẹ̀, kò sí “ẹ lọ rà á níta”, ìkejì, ìdúró kò kọjá wákàtí kan, ìkẹta, òṣìṣẹ́ ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ìkẹrin, ilé ìwòsàn ń ṣí lóru, ìkarùn-ún, iye owó hàn lára ògiri kí a tó wọlé, ìkẹfà, obìnrin ló ń tọ́jú obìnrin, ìkeje, ilé, àga àti ilé ìtura tó mọ́.

Ẹ ṣe káàdì méje, kí ohun mẹ́ta nínú méje yìí wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, báyìí. Àkọ́kọ́: 1, 2, 3. Èkejì: 1, 4, 5. Ẹ̀kẹta: 1, 6, 7. Ẹ̀kẹrin: 2, 4, 6. Ẹ̀karùn-ún: 2, 5, 7. Ẹ̀kẹfà: 3, 4, 7. Ẹ̀keje: 3, 5, 6. Tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun kọ̀ọ̀kan fara hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti pé ohun méjì kankan kò pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí èyí tó rí ojú rere ju èkejì. Ẹ ya àwòrán sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń kàwé: ìgò oògùn, aago, òṣùpá fún òru. Ẹ máa po káàdì pọ̀ kí ẹ tó lọ bá ẹni tó kàn, kí èyí tó wà lókè má máa jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìbéèrè méjì péré ni ẹ ó bèèrè lórí káàdì kọ̀ọ̀kan: nínú mẹ́ta yìí, èwo ló ṣe pàtàkì jù fún yín? Èwo lẹ lè fi sílẹ̀? Ẹ má gbà kó sọ pé “gbogbo ẹ̀ ni”. Ẹ fi sùúrù dúró kó yàn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ yẹn, nígbà tí ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ìgò oògùn sórí òṣùpá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kíkà rẹ̀ kò le. Tí ẹ bá bi èèyàn 100, ohun kọ̀ọ̀kan á ti fara hàn ní ìgbà 300. Ká ní wọ́n mú oògùn ní èyí tó ṣe pàtàkì jù ní ìgbà 190, tí wọ́n sì ní àwọn lè fi í sílẹ̀ ní ìgbà 25. Ẹ yọ 25 kúrò nínú 190, ó ku 165. Ẹ pín in sí 300, ó jẹ́ 0.55. Ká ní wọ́n mú ilé àti àga ní ìgbà 20, tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìgbà 170. Ó di òdì 150, ìyẹn 150 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ pín in sí 300, ó jẹ́ òdì 0.5. Mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni o, ti Kubwa lè yàtọ̀ pátápátá. Ìwé àti bírò tó o. Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà.

Ibi tí mo ti ń rí i tí ìwádìí ń ṣìnà jù ni lẹ́yìn kíkà yìí. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ju ti ìsàlẹ̀ nù. Ẹ wo ìkẹfà, obìnrin ló ń tọ́jú obìnrin. Ó lè jẹ́ òdo gééré ló máa jásí, bí ẹni pé kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ya ìwé náà sọ́tọ̀, ẹ lè rí i pé ìdajì àwọn èèyàn ló fi í sókè pátápátá, ìdajì yòókù ló fi í sísàlẹ̀, tí òkè àti ìsàlẹ̀ fi pa ara wọn rẹ́. Fún àwọn tó fi í sókè, òun ni ìlẹ̀kùn: tí kò bá sí obìnrin níbẹ̀, wọn kò ní wọlé rárá, kò sì sí oògùn tó lè mú wọn wọlé. Ẹ ka ti àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀, ti àwọn àgbàlagbà lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti àwọn tí kò wá sọ́dọ̀ yín rí lọ́tọ̀. Ìwé ti àwọn tí kò wá rí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú alága.

Èèyàn 100 sí 150 tó fún irú ìpinnu tí ẹ fẹ́ ṣe. Ilé ni kí ẹ ti wá wọn, ẹ má lọ sí géètì ilé ìwòsàn. Ẹ gba oríta kan, ẹ ka ilé mẹ́wàá, ẹ wọ ìkẹwàá, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, kì í ṣe baálé nìkan ló ń dáhùn. Ẹ kọ orúkọ àwọn àgbà ilé sínú ìwé pélébé, ẹ mú ọ̀kan láìwò. Kí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àti ọmọ ìgbìmọ̀ má lọ bèèrè. Àwọn àgùnbánirọ̀ wà ní Kubwa. Ẹ kọ́ wọn fún ọjọ́ kan, kí obìnrin pọ̀ nínú wọn, nítorí ẹlẹ́hàá kò ní bá ọkùnrin àjèjì sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kó bá a sọ ọ́. Kí wọ́n gbọ́ Hausa àti Gbagyi. Ọkọ àti ìyàwó, ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé ọkọ ló ń sanwó, ìyàwó mọ irú ìtọ́jú tó wà níbẹ̀, ọkọ mọ iye tó ń jáde lápò. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn.

Ẹ má bèèrè pé “èló lẹ lè san fún èyí?” Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ á fẹ́ bèèrè. Tí ẹ bá bèèrè, kíákíá ni ìròyìn á kárí wọ́ọ̀dù pé wọ́n fẹ́ fowó kún owó, wọ́n á sì máa dárúkọ iye tó kéré. Ju ìyẹn lọ, ₦2,000 lójú onílé mẹ́ta kì í ṣe ₦2,000 lójú ẹni tó ń gbé yàrá kan. Tí ẹ bá fi náírà wọ̀n ohun tí wọ́n fẹ́, ohun tí olówó fẹ́ ló máa wúwo jù.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ohun kan ṣe wúwo tó ní ìfiwéra pẹ̀lú òmíràn, ọ̀nà kejì wà. Ẹ ó ya ilé ìwòsàn méjì sórí káàdì kan. Nínú ti àkọ́kọ́, oògùn wà, ìdúró wákàtí mẹ́ta, owó ₦3,000. Nínú ti èkejì, oògùn kò sí, ìdúró ìṣẹ́jú 30, owó ₦1,000. Ẹ fi àyè ìkẹta sí i: “N kò ní lọ sí ìkankan, kẹ́mísì ni màá lọ.” Láìsí àyè ìkẹta yẹn, irọ́ ni káàdì náà máa pa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn yín ń lọ ní tòótọ́. Ẹ ó ṣe káàdì bíi mẹ́jọ tí nǹkan ń yípadà lórí wọn, ìṣirò á sì sọ fún yín iye wákàtí tí ìyá lè fara dà kó má bàa lọ ra oògùn níta. Ẹ fi káàdì kan sí àárín tí ilé ìwòsàn kan ti dára ju èkejì lọ ní gbogbo ọ̀nà. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá mú èyí tí kò dára, ìbéèrè yín kò yé wọn, ẹ tún un ṣe. Ìṣirò ti èyí nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Fún ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti sólà, káàdì méje àkọ́kọ́ yẹn tó yín.

Ẹ lè gbọ́ orúkọ EQ-5D, ìyẹn ìwé ìbéèrè kan, lẹ́nu àwọn onímọ̀. Òun ń wọ̀n ìlera fúnra rẹ̀, kò wọ̀n ilé ìwòsàn: rírìn, títọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìbànújẹ́. Wọ́n máa ń ṣàpèjúwe irú àìsàn kan fún aráàlú, wọ́n á wá bi wọ́n pé ọdún mélòó nínú mẹ́wàá ni wọ́n lè fi sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé ìyókù láìsí àìsàn náà. Ẹni tó bá fi mẹ́ta sílẹ̀ ti sọ pé irú ayé bẹ́ẹ̀ tó 0.7 lójú òun. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kò ní fẹ́ ná ọjọ́ orí lọ́jà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, mo sì gbà pé ó yẹ kí olùwádìí bọ̀wọ̀ fún ìdáhùn yẹn. Zimbabwe àti Ethiopia ti ṣe ti aráàlú wọn. Ẹ̀yin kò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbé síwájú aráàlú rárá. Ẹ má fi sísè irinṣẹ́ ìgbẹ̀bí sórí káàdì. Ẹ má fi ẹ̀rọ amómitutù tí àjẹsára wà nínú rẹ̀ sórí káàdì. Aráàlú kò lè rí kòkòrò lójú abẹ, wọn kò sì lè mọ̀ pé àjẹsára ti bàjẹ́ nínú ooru. Tí ẹ bá ní kí wọ́n yàn, wọ́n lè fi í sílẹ̀, ọmọ á sì kú. Nítorí náà, ẹ bi nọ́ọ̀sì àgbà ohun tó fẹ́ fi sólà ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ amómitutù ni, tàbí iná yàrá ìgbẹ̀bí lóru, ẹ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ fáànù ọ́fíìsì ni, kó wọ inú káàdì bíi ti àwọn yòókù.

Bákan náà, ẹ má fi ohun tí ẹ kò lè ṣe sórí káàdì. Tó bá jẹ́ inú owó ìpèsè ìlera ìpìlẹ̀ ni owó yín ti wá, ìyẹn èyí tí òfin ìlera ti 2014 ní kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán, máa wọ inú rẹ̀, ó ní ohun tí ẹ lè fi ṣe àti ohun tí ẹ kò lè fi ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ka ìlànà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ẹni tí ẹ bi nípa dókítà alẹ́, tí ẹ kò sì lè gba dókítà, kò ní dá yín lóhùn nígbà míì.

Tí nọ́ńbà bá sì ti jáde, kó má di ọba lórí yín. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ to gbogbo ìtọ́jú tí ìjọba máa san fún àwọn tálákà tẹ̀léra nípa ìṣirò iye owó àti àǹfààní. Nígbà tí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1990, ìtọ́jú dídé eyín lórí wà lókè iṣẹ́ abẹ fún oyún tó dúró síta ilé ọmọ, èyí tó lè pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó fà á ni pé dídé eyín kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wo obìnrin tó ń kú lọ kó ní eyín ló kàn. Wọ́n ní láti tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Ẹ gbé nọ́ńbà yín wá sí ìpàdé, ẹ ka á sókè, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà àti nọ́ọ̀sì àgbà sọ ohun tó kù sí i.

Ẹ tún ṣe àkíyèsí pé ìkẹta nínú méje yẹn, fífi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, lè wà lókè kó má sì ná owó kankan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ fi ìwé bá nọ́ọ̀sì wí. Ẹ bèèrè iye aláìsàn tó ń rí lójúmọ́, ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan ń ràn án lọ́wọ́ níbi káàdì. Ẹni tó dá nìkan dojú kọ yàrá tó kún láti òwúrọ̀ lè máa pariwo láìmọ̀.

Tí ìpàdé bá parí, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri níta, ní èdè tí àdúgbò ń kà: ohun tí ẹ sọ nìyí, ohun tí a máa ṣe nìyí, ohun tí a kò lè ṣe báyìí nìyí àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ padà sí àwọn ilé kan náà pẹ̀lú káàdì méje náà, kí ẹ sì tún bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá kẹ́yìn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ dán káàdì wò nílé mẹ́wàá péré, kí ẹ fi ìwé tí àwọn àgùnbánirọ̀ kọ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, ẹ má tíì ro ó pọ̀. Ibi tí èèyàn bá ti dúró pẹ́ kó tó yàn àti ibi tó ti bèèrè pé “kí lẹ ní lọ́kàn?”, kí wọ́n fi àmì sí i. Màá bá yín wò ó.